Aago Tó Lé Bàbá Àgbà Wọ Igbó Apeni

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ búra ná, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun ò gbọ́. Bí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bá jẹ́ irọ́, kí ẹ̀rọ ìlọta Ráímì tó wà níwájú wa yìí lọ àtàǹpàkò mi mọ́ ata tí mo gbé wá. Ráímì, má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ẹ ò tíì dáhùn láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ìbúra ni ìbúra ń jẹ́. Ẹ̀yin Ìyá Sàbítù, ẹ bá mi sún abọ́ ẹ̀wà yín sẹ́yìn díẹ̀, kí n ríbi na ẹsẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ tó bá rin ibi tí tèmi rìn, àga tirẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa gbé fún un.

Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọmọ ọmọ Ọdẹ́gbàmí, mi ò mọ̀wé. Mi ò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi lọ sílé ìwé, olùkọ́ wo orí mi yíká, ó ní orí ọmọ yìí ti kún, òun ò ríbi tí òun máa kó ìwé sí. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo ti padà sílé. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ igbó, ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹkùn mẹ́ta ló ti yà lọ́nà fún mi rí, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ kí mi pé mo kú ìrìn. Ẹfọ̀n kan rí ojú mi, ó béèrè ọ̀nà ilé ìdáná wa, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Ìyá Sàbítù ń bi mí pé kí ló wá dé tó jẹ́ pé ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ni àwọn ń rí lọ́wọ́ mi. Ìyá mi, àwọn ńlá ò gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé ni.

Gbogbo yín lẹ mọ bàbá mi àgbà. Bàbá tó bí mi kú kí n tó mọ ìrìn, bàbá àgbà ló gbà mí tọ́. Kò fi mí sílẹ̀ fún obìnrin kankan. Ìbọn á wà níwájú rẹ̀, èmi á wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀já, ó di inú igbó. Ẹ̀yìn bàbá yẹn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ọdẹ, ibẹ̀ náà ni mo ti ń tọ̀. Ó sì ní oríkì kan tó fi ń pè mí, Àkàngbé. Tó bá ti pè é, bí mo bá ń sunkún, ẹkún á dá lẹ́nu mi.

Nígbà tó yá, ìgbàgbé dé. Díẹ̀díẹ̀ ló dé, bí ìgbà tí ikán ń jẹ òpó. Bàbá á dé fìlà fún àmù omi. Á dọ̀bálẹ̀ kí òbúkọ Àlàájà Múnírá aládùúgbò wa, òbúkọ náà á sì dúró gbà á bí ọba. Ibi tí ó ti ń pa ìgalà nígbà èwe rẹ̀, ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́ síbẹ̀ báyìí. Ọjọ́ kan ni a lọ bá a lẹ́yìn igi máńgòrò ibẹ̀, ó lúgọ, ó na ọ̀pá rẹ̀ bí ìbọn, ó ń dúró de ọ̀gá ilé ìwé. Ó ní ìgalà yẹn mà sanra o.

Gbogbo ìyẹn, a lè fi ṣe ẹ̀rín. Èyí tí mi ò rí fi ṣe ẹ̀rín ni pé ó gbàgbé Àkàngbé. Tanímọ̀la ló ń pè mí. Ta ni Tanímọ̀la? Ajá rẹ̀ ni. Ajá tó kú kí wọ́n tó bí mi. Tó bá jẹun tán, á ju eegun sí mi lẹ́sẹ̀, á pòṣé sí mi kí n wá gbé e. Ráímì ń bi mí pé ṣé mo máa ń gbé e. Mo máa ń gbé e. Eegun tó lẹ́ran lára ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Mọrẹ́nikẹ́, nọ́ọ̀sì ni ní Ìbàdàn, àwọn arúgbó ló sì ń tọ́jú. Òun ló jókòó tì wá, tó ṣàlàyé pé kì í ṣe ayé ló ń ṣe Bàbá, kì í sì í ṣe wèrè. Ó ní àìsàn ni, ọpọlọ ni àìsàn ọ̀hún ń jẹ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pariwo mọ́ ọn nítorí rẹ̀. Ó wá mú aago ọwọ́ dúdú kan jáde. Aago yìí, ẹ̀yin èèyàn, kò tiẹ̀ ráyè sọ ohun tí aago ń lù. Ó ń gbọ́ bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù. Ó ń ka ìgbésẹ̀. Tí èèyàn bá ṣubú, á béèrè pé ṣé kò séwu. Á rán Bàbá létí oògùn, á ní kó mu omi. Tí Bàbá bá sì ti kọjá igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ohùn Mọrẹ́nikẹ́ á jáde látinú rẹ̀, á ní, "Bàbá Ọdẹ́gbàmí, ẹ ti jìnnà sílé o. Ẹ padà sílé."

Bàbá wo aago náà, ó ní ṣé ewúrẹ́ ni òun tí wọ́n fẹ́ fokùn sí lọ́wọ́. Mọrẹ́nikẹ́ gbọ́n. Ó ní ìfúnpá ni, ó ní àwọn ọdẹ òkè òkun ló ń dè é mọ́ra. Bàbá na ọwọ́ kíá. Ó béèrè èèwọ̀ rẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ ní èèwọ̀ rẹ̀ kò ju pé wọn ò gbọdọ̀ bọ́ ọ lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ìfúnpá tí èèwọ̀ rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, ọmọdé ló ṣe é.

Èmi wá ni wọ́n fún ní fóònù. Àwòrán ilẹ̀ gbogbo wà nínú rẹ̀, ilé, odò, igbó, pẹ̀lú àmì pupa róbótó kan láàárín. Mọrẹ́nikẹ́ nàka sí i, ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, wo àmì pupa yìí dáadáa. Bàbá nìyí. Ibi tó bá wà, ibẹ̀ ni Bàbá wà." Ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an nìyẹn, ẹ bá mi fi sọ́kàn.

Lọ́jọ́bọ̀, ọwọ́ ìyálẹ̀ta, mo jókòó síwájú ilé, fóònù wà lórí orúnkún mi. Àwọn ọmọge méjì ń kọjá lọ sódò, mo dá wọn dúró, mò ń sọ fún wọn bí erin ṣe bọ̀ mí lọ́wọ́. Àṣé Bàbá ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Fóònù figbe ta. Mo bojú wo ilẹ̀, mo rí nǹkan pupa kan lójú gíláàsì rẹ̀, mo rò pé eèrà ni. Mo fi ìka gbá a lọ, fìì.

Háà. Gbogbo ilẹ̀ inú fóònù ṣí nídìí. Ilé sáré gba ọwọ́ òsì, odò sáré gba ọwọ́ ọ̀tún, nǹkan pupa yẹn fò kọjá ojú mi, ó lọ balẹ̀ sí àárín ibi kan tó tutù yọ̀yọ̀, tí ilé ò sí, tí ọ̀nà ò sí. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Mọrẹ́nikẹ́ wá sọ sí mi lọ́kàn. Bàbá nìyí. Ibi tó bá wà, ibẹ̀ ni Bàbá wà. Mo sáré wọlé. Ẹní ṣófo, ọ̀pá rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo ti fi ìka kan ṣoṣo ta bàbá mi àgbà nù bí ẹni ta ìdin.

Ráímì ní àwòrán nìkan ni mo tì, mi ò ti èèyàn. Ìwọ Ráímì tí o ò rí ẹ́ńjìnnì ara ẹ tì kó dáhùn, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Tí kì í bá ṣe ìka mi ló gbé e lọ, báwo ni arúgbó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ṣe dé ibi tí mo ti wá padà bá a? Ẹ rí i, ó ti padà sídìí ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Òjò ti ṣú lápá igbó. Bàbá ò tíì lo oògùn ọ̀sán, ẹ̀kọ tí mo pò fún un ṣì wà nínú ife. Ohun tí mo sì mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ni pé tí òjò bá fi lè rọ̀, yóò wẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nù kúrò nílẹ̀, ìkùukùu á bo ojú, òtútù á sì ṣe ìyókù. Mo gbọ́dọ̀ mú un wálé ṣáájú òjò. Mo gbé ìbọn, mo ki fóònù bọ àpò, mo gbéra.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ìrìn dà yín láàmú. Mo gbé ẹsẹ̀ kan nílé wa, ibi tí mo gbé èkejì sí, orúkọ rẹ̀ ò sí lẹ́nu ẹ̀dá. Odi kan ló dúró níwájú mi. Ìlú Ìgbàgbé ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí èèyàn bá gbàgbé ń lọ gbé. Oníbodè ibẹ̀ ga tó ọ̀pẹ méjì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ìka rẹ̀ kan wà lókè bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Kí-Ni-Mo-Fẹ́-Sọ. Ó ní àlọ́ kan ni òun máa pa fún mi, tí mi ò bá mọ̀ ọ́n, òun á fi orí mi ṣe ìdérí ìkòkò.

Ó ní ààlọ́ o. Mo ní ààlọ̀. Ó ní kí ló kọjá lójúde ọba. Ó dákẹ́. Ó ní kí ló kọjá lójúde ọba tí kò. Ó tún dákẹ́. Ó họ orí, ó họ ìdí, ó ní ó wà lẹ́nu òun báyìí. Mo dúró títí, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti í. Mo wá fi ọgbọ́n ọdẹ mú un. Mo ní ìdáhùn rẹ̀ ni ẹyin. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní ẹyin ni lóòótọ́, pé ta ló sọ fún mi. Ó ṣí bodè.

Ẹ̀yin èèyàn, mo rí nǹkan nílùú yẹn. Àwọn ìkòkò tí wọ́n gbàgbé lórí iná ń jó lọ láìdúró. Kọ́kọ́rọ́ ń rìn káàkiri bí alákàn. Ìyá Sàbítù, yẹtí yín kan tó sọnù nígbà ọdún Iléyá, mo rí i níbẹ̀, ó ti fẹ́ ti ẹlòmíì, wọ́n ti bí ìbejì. Ráímì, mo rí bẹ́líìtì tuntun tó o ti ń ṣèlérí fún wa láti ọdún kẹta pé o máa rà sí ẹ́ńjìnnì yìí. Ó ti hu irùngbọ̀n.

Lábẹ́ igi odán kan ni àwọn orúkọ jókòó sí. Wọ́n pọ̀ lọ bí ọmọ ewúrẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Mo ń yẹ̀ wọ́n wò, mo bá ojú ẹnì kan pàdé. Àkàngbé ni. Orúkọ èmi alára. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń fi epo pupa jẹ iṣu sísun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Mo wá Tanímọ̀la káàkiri ibẹ̀, mi ò rí i. Ajá tó ti kú, Bàbá ò gbàgbé rẹ̀. Èmi tí mò ń po ẹ̀kọ fún un, èmi ni mo jókòó lórí àpótí nílùú àwọn ẹlòmíì.

Mo gbá a mú lápá, mo ní ó yá, jẹ́ ká lọ sílé. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, ó nu epo ẹnu rẹ̀ nù.

"A kì í gbé wa," ló wí. "Pípè là ń pè wá. Ẹni tó gbàgbé mi ló gbọ́dọ̀ pè mí. Tó bá pè mí, mo ti dé."

Mo bi í pé tí kò bá wá pè é ńkọ́. Ó ní iṣu ṣì pọ̀ nínú iná. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ yìnbọn fún orúkọ ara mi, ṣùgbọ́n mo rántí pé àwọn èèyàn máa béèrè ohun tí wọn yóò máa pè mí.

Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ́ńjìnnì ti dáhùn. Ráímì, o kú iṣẹ́ o. Ata mi nìyẹn nínú bàsíà aláwọ̀ ewé, da tèmi sí i kọ́kọ́, jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Màá gbé ohùn sókè. Ohùn tó dẹ́rù ba iwin, ẹ̀rọ ìlọta ò lè bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yìn Ìlú Ìgbàgbé ni Igbó Apeni wà. Gbogbo ọmọ ọdẹ ló mọ òfin igbó yẹn. Ohùn tí o bá gbọ́ nínú igbó, tí o ò rí ẹnu tó ti jáde, má dá a lóhùn. Tí o bá jẹ́ ẹ pẹ́nrẹ́n, ó parí. Kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni Bàbá ti kọ́ mi, èmi lẹ́yìn rẹ̀, òun níwájú. Bí mo ṣe wọlé, àwọn igi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan pè mí pé ọbẹ̀ ti jinná. Mi ò dáhùn. Ọ̀kan pè mí ní ọkọ òun. Mi ò dáhùn, àmọ́ mo wẹ̀yìn. Ọ̀kan wá fi ohùn jẹ́jẹ́ pè mí ní Balógun àwọn ọdẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi, ìka mi ni mo ki bọ ẹnu. Díẹ̀ ló kù.

Mo yọ fóònù, mò ń tẹ̀ lé àmì pupa. Ó sún mọ́ mi, ó sún mọ́ mi, mo gbọ́ ẹkún. Mo ní Bàbá nìyẹn. Mo ya ewé sọ́tùn-ún, mo ya ewé sósì, kò jọ Bàbá. Ẹbọra ńlá kan ló jókòó sáàárín odò tó gbẹ, ojú mẹ́ta, imú rẹ̀ fẹ̀ bí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí. Aago Bàbá wà lọ́mọ-ìka rẹ̀ bí òrùka. Àwọn ẹbí rẹ̀ yí i ká, ó ń pín ogún fún wọn.

Aago náà fi ohùn Mọrẹ́nikẹ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, a ò gbọ́ lílù ọkàn yín mọ́. Ẹ rọra jókòó. Ẹ má bẹ̀rù."

Ẹbọra ké. Ó ní ó ti tó ẹgbẹ̀fà ọdún tí òun ti wà nínú igbó yẹn, kò sẹ́nì kankan tó sọ fún òun rí pé òun ti kú. Ó ní ayọ̀ ni òun fi kọ́kọ́ gbà á, nítorí pé aago náà lọ́yàyà. Ó ní òun rìn díẹ̀, ó kí òun kú iṣẹ́. Ó ní kí òun mu omi, òun mu odò náà tán. Ẹja ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nílẹ̀ níbi tí a wà. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkàn òun, tí kò rí i.

Mo gbé àyà síta, mo ní kó mú aago náà wá, ẹrù ilé wa ni. Mo ní èmi ò bẹ̀rù ẹbọra, mo ní mo ti fi irú rẹ̀ sùn bí ìrọ̀rí. Ó wò mí. Ó yọ aago, ó dè é mọ́ mi lọ́wọ́ láti fi wò ó bóyá aago ló ń purọ́ àbí ọkàn òun. Ẹ̀yin èèyàn, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Aago ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkàn yín ń sáré jù. Ó ń lù ní ìgbà ọgọ́jọ. Ṣé nǹkan kan ń bà yín lẹ́rù ni?"

Ẹbọra fi ẹ̀rín lulẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ewé fi já bọ́ lórí igi, àwọn ẹbí rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi da ogún tí wọ́n pín padà. Ó gbàgbé pé ikú ń pa òun. Ó ní òun ò rí irú ìfúnpá bẹ́ẹ̀ rí, tó ń tú àṣírí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó ní kí n máa gbé e lọ, òun ò fẹ́ nǹkan olófòófó nínú igbó òun.

Mo bi í pé ibo ni arúgbó tó ni í gbà. Ó ní arúgbó náà ń sáré bọ̀, ẹ̀rù ń bà á, ó tú aago náà lọ́wọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tú pàkúté, ó dè é mọ́ òun, ó ní, "Ohùn kan tí kò lẹ́nu ń lé mi bọ̀ láti ilé. Ẹ bá mi gbà á lára." Ó wá gun igi lọ.

Nǹkan dá mi dúró níbẹ̀. Àṣé gbogbo ìgbà tí aago bá ti ní "Bàbá Ọdẹ́gbàmí, ẹ padà sílé", ọdẹ ni Bàbá. Ó gbọ́ ohùn, kò rí ẹnu. Ó ń ṣe ohun tí ọdẹ ń ṣe. Kò dáhùn, ó ń sá fún un. Bó ṣe ń pè é sílé, bẹ́ẹ̀ ló ń lé e wọ igbó. Ohun gbogbo ni Bàbá ti gbàgbé, òfin igbó nìkan ló kù sí i lọ́wọ́, a wá ra aago tó ń fi òfin ọ̀hún lé e.

Mo bá a lórí igi apá ńlá kan, ó jókòó sí orí ẹ̀ka, ó na ọ̀pá rẹ̀ bí ìbọn sápá ibi tí ewé ti ń mì. Ojú rẹ̀ ò rí mi, ewé ló bò mí. Mo pè é ní Bàbá. Ó gun ẹ̀ka kan sí i. Mo pè é ní Ọdẹ́gbàmí. Ó tún gun òmíràn. Gbogbo ìpè ló ń sọ ọ́ dókè. Àrá sán. Ẹ̀ka tó wà lórí rẹ̀ báyìí, kò nípọn ju ọwọ́ mi yìí lọ, ó sì ń mì.

Mo pa ẹnu dé. Ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń sọ nígbà tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀ ló padà wá sí mi lọ́kàn. Ó máa ń ní iwin lè mọ orúkọ ẹ, Àkàngbé, àmọ́ iwin ò lè mọ ohun tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo bá ki oríkì rẹ̀.

Mo ní Àdìgún, ọmọ a-fòjò-wẹ̀-má-gbọ̀n. Ó dá ẹsẹ̀ dúró. Mo ní ọmọ igbó-dákẹ́-ẹran-ń-sá. Ó yí orí. Ó wá ku èyí tó kàn, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Láti kékeré ni Bàbá ti fẹ́ kọ́ mi, mo máa ń sọ pé mo ti mọ̀ ọ́n. Mo mú èyí tó tóbi jù tí mo lè rí. Mo ní ọmọ a-pa-erin-fi-ìrù-jókòó.

"Irọ́ ni."

Ohùn Bàbá nìyẹn, láti òkè igi.

"Kò sí erin níbẹ̀. Etu ni. Ọmọ a-petu-pín-fún-ará-ilé-kejì. Bàbá mi ò pa erin rí. Etu ló pa, ó pín in tán, òun alára fi ẹ̀fọ́ jẹ̀bà."

Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀ka kan kó lè bá mi wí dáadáa. Mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní ọmọ a-bá-ọba-jẹun-nínú-àwo-wúrà. Ó ní ọba wo, abà ni wọ́n ń gbé. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí i. Mo ní ọmọ a-lu-ẹkùn-mẹ́ta-pọ̀-fi-ṣe-bàtà. Ó ní ṣé orí mi pé. Bí mo bá ti purọ́ kan, ó ti bọ́ sí ẹ̀ka kan nísàlẹ̀, ó ń tún un ṣe, kò sì ṣì í ní ẹyọ kan. Ọkùnrin tó ń bi mí láàárọ̀ pé ta ni òun, ó to àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí wọ́n jẹ. Ọjọ́ yẹn ni irọ́ mi kọ́kọ́ ṣe èèyàn lóore. Ẹ ò gbọ́ ìyẹn o. Mi ò ní mo máa ń purọ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó di etí mi mú.

"Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo ìranù yìí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ̀yìn yín ni mo wà."

Ó wò mí. Ó wo òjò tó ṣú. Mo gbọ́ nǹkan tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà Ìlú Ìgbàgbé, pẹ̀lú iṣu lẹ́nu, kó má baà pẹ́ jù. Bàbá mi àgbà yí padà, ó bẹ̀rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ẹ̀yìn tó ti gan bí ìgbálẹ̀.

"Òjò ń bọ̀," ló wí. "Wá, kí n pọ̀n ẹ́, Àkàngbé."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èéfín ẹ́ńjìnnì Ráímì ló kó sí mi lójú.

Òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n. Kò wúwo ju àpò èlùbọ́ lọ. Aago tó wà lọ́wọ́ mi ka ìgbésẹ̀ títí dé ìlú, ó ń kí mi kú iṣẹ́, Bàbá sì ń dá a lóhùn lẹ́yìn mi pé a dúpẹ́, nítorí pé ó rí ọwọ́ tí ohùn náà ti ń jáde. A kọjá Ìlú Ìgbàgbé, oníbodè ṣì ń wá ìyókù àlọ́ rẹ̀. Bí a ṣe rí igi àgbálùmọ̀ wa báyìí ni Bàbá fọwọ́ tẹ́ mi lórí, ó ní, "Rọra, Tanímọ̀la, rọra." Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bá wa lẹ́nu ọ̀nà.

Mọrẹ́nikẹ́ ti dé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ lérán. Mo rò fún un, kò gbà á gbọ́ tán, ó ní ẹ̀yìn ilé ìwé ni fóònù tòun sọ pé a wà. Ẹ máa wo ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ibi ọ̀rọ̀ ohùn tí kò lẹ́nu yẹn, ibẹ̀ ló ti fọwọ́ bo ojú. Ọjọ́ kejì ló yọ ohùn ara rẹ̀ kúrò nínú aago, ó ní kí n fi tèmi sí i. Mo ki oríkì Bàbá sínú rẹ̀, mo sì rí i dájú pé mo fi erin sí i. Láti ìgbà náà, tí Bàbá bá ti kọjá igi àgbálùmọ̀, aago á ní ọmọ a-pa-erin-fi-ìrù-jókòó. Bàbá á dúró ṣanṣan. Á yí padà, á fi ìbínú rìn wálé wá bá mi, á ní etu ni. Màá ní ẹ má bínú, Bàbá. A ó jọ jókòó. Ó ti di ìgbà méjìlá báyìí, kò tíì jìnnà sí igi yẹn.

Bàbá ní ọdẹ méjì kì í lọ sígbó kí ẹnì kan wọ ìfúnpá kí ìkejì má wọ̀ ọ́. Ìdí tí mo fi ní aago kejì yìí lọ́wọ́ mi nìyí. Tó bá tẹ tirẹ̀ níbẹ̀, tèmi á dáhùn níhìn-ín. Kì í ṣe oge ni mo fi ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bá mi lára mu. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọjọ́ tí mo bá ejò olórí méje dá ààwọ̀ sílẹ̀ lórí ẹni tó ni...

Ẹ dákẹ́. Ó ń pè.

"Tanímọ̀la. Tanímọ̀la. Ebi ń pa mí. Máa bọ̀ nílé."

Ráímì ní ata mi ti lọ tán láti ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ ẹbọra, pé òun ti ń na bàsíà rẹ̀ sí mi, mi ò wo ọ̀dọ̀ òun. Ìyá Sàbítù ní ajá ọdẹ, wọ́n ń pè ẹ́, dìde, máa lọ sílé. Gbogbo yín lẹ wá ń wí i, ọmọdé àtàgbà, pé kí n máa lọ sílé. Ó dáa. Ẹ gbé bàsíà rù mí. Òfin igbó ni pé kí ọdẹ má dá ohùn tí kò rí ẹnu rẹ̀ lóhùn, ṣùgbọ́n mo mọ ẹnu tí èyí ti wá, eyín mẹ́rin ló kù nínú rẹ̀.

Mò ń bọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin, tí ẹ bá gbọ́ gbígbó lójú ọ̀nà, èmi ni.